Hydroxyurea, mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n, àbí Casgevy: èwo ni kí ẹni tó ní SS dì mú?

Látìgbà tí Casgevy, ìtọ́jú òyìnbó tó ń ṣàtúnṣe jíìnì ẹni tó ní SS (ìyẹn síkúlà), ti jáde ní ìparí 2023 ni fídíò "ìwòsàn ti dé fún síkúlà" ò ti kúrò lórí WhatsApp mọ́, gbogbo ìgbà ló ń padà wá bíi pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ẹ̀. Ìròyìn yẹn kì í ṣe irọ́ o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn òbí kan á wo fídíò tán, wọ́n á ní àwọn ń dúró de ti òyìnbó yẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ wọn ò tíì fẹnu kan kápúsù hydroxyurea tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, tó jẹ́ pé òun gan-an ló lè mú ọmọ náà dé ọjọ́ tí ti òyìnbó á fi délé. Ẹ jẹ́ ká to gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká wò ó: kí ni wọ́n ń ṣe nínú ara, ta ni wọ́n wà fún, kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, níbo lèèyàn ti lè rí wọn. Màá sọ èyí tó wù mí jù, àmọ́ dọ́kítà tó ń rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn

Hemoglobin, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ló ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Lára ẹni tó ní SS, nǹkan bíńtín kan ló yàtọ̀ níbẹ̀: ní ipò kẹfà lára okùn beta, ọ̀kan lára okùn tó para pọ̀ di hemoglobin, èròjà kan tó ń jẹ́ valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá ti kúrò lára ẹ̀ báyìí, àwọn hemoglobin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn, wọ́n á gùn gbọọrọ, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú iṣan tó tín-ín-rín, ibẹ̀ ni kíráísìsì, ìyẹn ìrora líle yẹn, ti ń bẹ̀rẹ̀. Linus Pauling àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló fi hàn ní 1949 pé inú hemoglobin fúnra ẹ̀ ni wàhálà yẹn wà, onímọ̀ kẹ́mísìrì sì ni, kì í ṣe dọ́kítà.

Ẹ di èyí mú, torí òun la máa fi yẹ gbogbo yòókù wò: ọmọ SS tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé kì í sábà ní ìrora kankan títí tó fi máa tó bí oṣù mẹ́fà. Hemoglobin tó ń lò nígbà tó wà níkùn ìyá ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní HbF, ló ṣì pọ̀ lára ẹ̀, HbF kì í sì í jẹ́ kí ti SS rí ara wọn so mọ́ dáadáa. Bí ọmọ bá ń dàgbà, jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ HbF rì. Wàyí o, hydroxyurea tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì àti Casgevy tó jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là, ibì kan náà làwọn méjèèjì ń lọ, HbF ìgbà ọmọ ọwọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé dìde padà. Ọ̀nà tí kálukú gbà ló yàtọ̀, àti bó ṣe ń pẹ́ tó, àti ohun tí yóò ná yín.

Hydroxyurea: arúgbó tí wọn ò kà sí

Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó, ní 1869, kò sẹ́ni tó ń ro ti SS nígbà yẹn. Wọ́n padà ń fi í tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó ní SS ní 1998, ó di 2017 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún méjì sókè.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn ló ń já àwọn èèyàn láyà, àwọn míì á tún ní nílẹ̀ tiwa tí ibà pọ̀ tó báyìí, ṣé oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù ò ní sọ ara ọmọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ìbéèrè gidi ni, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí REACH, torí ilẹ̀ ibà ni wọ́n ti ṣe é: Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Uganda, ọmọ 606, láti ọmọ ọdún kan sí mẹ́wàá, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2019. Tí a bá ṣírò ẹ̀ lórí ọmọ 100 fún ọdún kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìrora máa ń dé bí ìgbà 98, lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ó já sí bíi 45. Gbígba ẹ̀jẹ̀ sára tó jẹ́ 43 di 14. Ikú tó jẹ́ 3.6 di 1.1. Ibà ńkọ́? Ó jẹ́ 47, ó di 23. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti ibà yẹn kà.

Nàìjíríà náà ní tiẹ̀. Ní Kano àti Kaduna, wọ́n ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SPRING fún àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ TCD, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ, ti fi hàn pé rọpárọsẹ̀ ń dọdẹ wọn, wọ́n fún àwọn kan ní mílígíráàmù 10 fún kílò kan, wọ́n fún àwọn kan ní 20. Ní ti rọpárọsẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn tó gba 20 kì í fi bẹ́ẹ̀ dèrò ọsibítù bíi ti àwọn tó gba 10. Èyí wúlò fún òbí tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀, kékeré náà sàn ju òfo lọ, kó sáà ti jẹ́ pé dọ́kítà ló sọ iye.

Bí ìṣirò ẹ̀ ṣe ń lọ nìyí, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ síwèé fún yín: ọmọ tó wọn kílò 25, tí dọ́kítà bá ní 20 fún kílò kan, ó di 500 lójúmọ́, kápúsù kan tó wọ́pọ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọmọ kílò 15 ńkọ́, 300 ni tiẹ̀, kápúsù 500 á ti pọ̀ jù fún un, ibẹ̀ làwọn ìyá kan ti máa ń fọwọ́ tú kápúsù kí wọ́n lè pín ìyẹ̀fun ẹ̀. Ẹ má ṣe é! Oògùn yẹn ò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ lásán, pàápàá ọwọ́ aláboyún. Ẹ béèrè kápúsù kékeré tàbí kí apòògùn bá yín pò ó ní olómi.

Ìwé àyẹ̀wò FBC, èyí tó ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, ni ẹ óò máa rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ funfun àti platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni dọ́kítà ń wò níbẹ̀, tí wọ́n bá lọ sílẹ̀ jù á ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró ná. Nǹkan kan tún wà tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ tó ń jẹ́ MCV, bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó ni, ó sì máa ń gòkè tẹ́ni yẹn bá ń lo hydroxyurea déédéé, torí náà ọ̀dọ́langba tó ń da kápúsù sínú ihò omi ilé ìwẹ̀, MCV ẹ̀ á tú u fó.

Àléébù ẹ̀ ò ṣeé gbé sábẹ́ ẹní. Ojoojúmọ́ ni, kò sì í ṣe oògùn oṣù kan oṣù méjì, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ara tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣiṣẹ́ dọ́gba lára gbogbo èèyàn. Ó lè dín àtọ̀ ọkùnrin kù nígbà tó bá ń lò ó. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ bá dọ́kítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Tó bá sì ti dáwọ́ lílò ẹ̀ dúró, HbF á padà wálẹ̀. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni wọ́n ní kí n mú fún ọmọ tó wà n'Íbàdàn tàbí Òṣogbo lónìí, òun ni màá mú, mi ò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mùdùnmúdùn ẹlòmíì

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbí yàtọ̀ pátápátá. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi oògùn líle pa ti aláìsàn, wọ́n á sì gbin ti ẹlòmíì síbẹ̀. Tó bá mú, genotype tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn á di ti ẹni tó fún un. Wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tí wọ́n gba ti ọmọ ìyá wọn tó bá wọn mu jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bíi 93 nínú 100 ló wà láàyè, 91 ló sì wà láàyè tí mùdùnmúdùn tuntun náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá ṣe kéré tó ló ṣe ń rọrùn tó.

Ìṣòro ẹ̀ ni "tó bá wọn mu" yẹn. Ọmọ ìyá kan bàbá kan nìkan la ń sọ o, ti ọbàkan kì í sábà wọlé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kan á bá a mu. Ẹni yẹn ò sì tún gbọdọ̀ jẹ́ SS fúnra ẹ̀ (AS kò burú, wọ́n ń gbà á). Tí òbí méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sọ ìdá kan nínú mẹ́rin di púpọ̀, bíi 3 nínú 16 ló kù. Ìdílé ọlọ́mọ méjì, tí ọ̀kan jẹ́ SS, kì í sábà rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìyànjú ti ìdajì báyìí, tí ìyá tàbí bàbá tó bá ọmọ mu dé ìlàjì lè fún un. Àgbàlagbà 42 ni wọ́n ṣe é fún nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2025, lẹ́yìn ọdún méjì 95 nínú 100 wà láàyè, 88 ló sì wà láàyè tí mùdùnmúdùn tuntun náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Fún mi o, ìròyìn yìí ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe fídíò.

Nàìjíríà ń ṣe é. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin, UBTH, ló ṣe àkọ́kọ́ ní 2011. Ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ibi tí LUTH àti Sickle Cell Foundation wà, àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀ ṣì wúwo lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí èèyàn á ná ní Íńdíà tàbí Lọ́ńdọ̀nù tó bá ti ro ti wíwọkọ̀ òfuurufú, ilé gbígbé àti oúnjẹ mọ́ ọn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé mùdùnmúdùn tuntun lè gbógun ti ara onílé, wọ́n ń pè é ní GVHD, àti pé oògùn líle yẹn lè ba ọmọ bíbí jẹ́.

Casgevy àti Lyfgenia

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Casgevy ti wá, torí ó dùn mọ́ mi. Bakitéríà náà ń ṣàìsàn, fáírọ́ọ̀sì ló ń bá wọn jà, bakitéríà kan tó bá sì ye ogun á gé díẹ̀ lára DNA ọ̀tá ẹ̀ pa mọ́ sára, kó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíì kó sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Yoshizumi Ishino àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Japan ti rí àmì ẹ̀ lára E. coli láti 1987, wọn ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní 2012 ni Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier sọ ọ́ di àlùmọ́gàjí tí èèyàn lè darí síbi tó bá wù ú, wọ́n gba Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2020. Cas9, ìyẹn ẹnu àlùmọ́gàjí náà tí Casgevy ń lò, lára Streptococcus pyogenes ni wọ́n ti mú un, bakitéríà tó ń fún ọmọ ní ọ̀fun dídùn yẹn gan-an!

Ohun tí Casgevy ń gé ni ibi tó ń tan BCL11A nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀. BCL11A bá sùn, HbF bá jí, ó máa ń ju 40 nínú 100 hemoglobin ẹni yẹn lọ. Ẹ̀yin náà rí i, ilé tí hydroxyurea ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lójoojúmọ́, Casgevy gé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dànù pátá. Lyfgenia kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni wọ́n fi ń gbé jíìnì hemoglobin tuntun wọlé.

Nínú àwọn 31 tí wọ́n tíì lè ṣírò fún Casgevy nígbà tí Amẹ́ríkà ń fọwọ́ sí i, 29 ló lo odidi oṣù 12 láìní kíráísìsì ńlá kankan. Ti Lyfgenia jẹ́ 28 nínú 32. Wọ́n jọ súnmọ́ra, tó bá jẹ́ èmi ni màá mú Casgevy, torí Lyfgenia ní ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára páálí ẹ̀, ó sì tún wọ́n jù: 3.1 mílíọ̀nù dọ́là, Casgevy jẹ́ 2.2 mílíọ̀nù. Ọjọ́ kan náà, 8 December 2023, ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí méjèèjì, fún ẹni ọdún 12 sókè. Ìlú Ọba ti ṣáájú wọn lórí Casgevy ní oṣù November.

Àwọn fídíò yẹn kì í sọ ohun tí ara ń là kọjá. Ẹni yẹn á kọ́kọ́ máa gba ẹ̀jẹ̀ fún bí oṣù méjì. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jáde láti inú eegun, ẹ̀rọ á máa fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, àwọn kan sì máa padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó pé. Sẹ́ẹ̀lì yẹn á lọ sí láàbù, ó lè tó oṣù mẹ́fà kó tó dé. Lẹ́yìn náà ni oògùn líle kan tó ń jẹ́ busulfan á pa mùdùnmúdùn tó kù, irun á re, ẹnu á bó, á wà nínú yàrá àdágbé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò nílò ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, sẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀ ni, kò sí GVHD. Ìyẹn ló fi ju ti mùdùnmúdùn ẹlòmíì lọ, mi ò rí òmíì.

Àwọn tó ti já bọ́, àti ti ìbílẹ̀

Voxelotor, tí orúkọ ọjà ẹ̀ ń jẹ́ Oxbryta: wọ́n kó o kúrò lórí igbá káàkiri ayé ní September 2024, torí nínú ìwádìí wọn, àwọn tó ń lò ó ń kú ju bó ṣe yẹ lọ, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Tí ẹnikẹ́ni bá ń tà á fún yín báyìí, ẹ má rà á. Crizanlizumab tí wọ́n ń fà sínú iṣan lóṣooṣù, Yúróòpù ti fagi lé e ní 2023 nítorí ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ò fi hàn pé ó ju omi lásán lọ. L-glutamine, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kíráísìsì mẹ́rin di mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ 48. Kò burú, owó ẹ̀ ló burú.

Ti ìbílẹ̀, mi ò ní yọ ṣùtì sí i. Ní Ifẹ̀ ni Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi hàn ní 1971 pé egbò orin àtà máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ padà rí roboto nínú ìgò. Niprisan, oògùn ewé tí NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba, ṣe l'Ábújà, iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú ẹ̀, NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló wọko gbèsè. Inú ìgò yàtọ̀ sí inú ọmọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orin àtà rin ẹnu, ẹ fi rin ín, ṣùgbọ́n kápúsù ṣì gbọ́dọ̀ wà.

Ó wá kù sọ́wọ́ ta ni?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún: kí ẹ tó ronú kan èyíkéyìí nínú wọn, penicillin ni, láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti 1986 ni wọ́n ti fi hàn pé ó ń dín àrùn bakitéríà pneumococcus kù ní bíi 84 nínú 100 lára àwọn ọmọ SS, torí ọlọ inú wọn (spleen) ti máa ń bàjẹ́ láti kékeré. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbà ní sẹ́ńtà kún un, àti oògùn tó ń dènà ibà, àti folic acid. Hydroxyurea tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò TCD lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún méjì. Tí ọmọ bá ní ọmọ ìyá tí kì í ṣe SS, ẹ lọ yẹ wọ́n wò báyìí bóyá wọ́n bára mu, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tí rọpárọsẹ̀ bá ti ṣe é.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba, NHS ti ń san owó Casgevy láti January 2025, fún ẹni ọdún 12 sókè tí kíráísìsì ń mú ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tí kò ní ọmọ ìyá tó bá a mu. Bí 50 èèyàn ni wọ́n ń retí lọ́dún, torí náà kíráísìsì èyíkéyìí tó bá mú yín nílé, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, ẹ pe ọsibítù yín, ẹ má jẹ́ kí paracetamol àti omi gbígbóná jẹ́ ẹ̀rí yín. Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 33 ti wọ ètò tí Medicaid, ìlera ìjọba fún àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn, fi ń san án. Ní Brasil, hydroxyurea jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ SUS, ètò ìlera ìjọba wọn, bẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní Bahia, ẹ sọ fún wọn.

Àgbàlagbà tó wà nílé, tí hydroxyurea ń ṣiṣẹ́ fún, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀ láìsí wàhálà: ẹ jókòó ti oògùn yín. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún lẹ́yìn tó ti lò ó dáadáa fún ọdún kan, tó sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá a mu, ibẹ̀ ni kó ti gba ọ̀nà UBTH tàbí Ìdí-Àràbà lọ.

Èyí tó kan gbogbo ẹni tó bá ń lọ fún mùdùnmúdùn tàbí Casgevy, ọkùnrin àtobìnrin: ẹ béèrè nípa títọ́jú àtọ̀ tàbí ẹyin pa mọ́ kí wọ́n tó dá ọjọ́ busulfan fún yín, ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́dún láti bá yín tọ́jú ẹ̀, torí owó yẹn kì í sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá.